Ẹ̀yìn tó ń ro mí ní oṣù keje oyún

Ẹ̀yin aboyún ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi nípa ẹ̀yìn ríro. Ẹja ni mò ń tà ní ọjà Olúwo, níbí ní Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ wa rí á mọ̀ pé orí bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà, àti ìpẹ́ híha, àti agbọ̀n gbígbé. Bí oyún mi kejì ṣe wọ oṣù keje báyìí, ẹ̀yìn gbé ìṣe rẹ̀ dé. Á máa ro mí láti ìbàdí wálẹ̀ bí ẹni ń gún nǹkan nínú rẹ̀. Lálẹ́ ńkọ́? Ojú mi á là gbòò títí wọn á fi pe ìrun àsùbáà.

Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó mi, oyún wo ni kì í ro ẹ̀yìn? Ṣe sùúrù." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe sùúrù. Ó dùn mí títí dòní, torí ohun tó lè dẹ̀ ẹ́ wà nílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ń yẹ̀ wá wò ló là mí lóye. Oyún máa ń mú kí oríkèé ìbàdí dẹ̀ kí ọmọ lè rọ́nà jáde, ikùn tó yọ síwájú sì ń fa ẹ̀yìn. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ 28, ẹ̀gbẹ́ ni ká máa fi lélẹ̀ sùn. Téèyàn bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ilé ọmọ á máa tẹ iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn.

Bí mo ṣe ń mú kí ẹ̀yìn náà dẹ̀ kí n tó sùn nìyí. Màá kúnlẹ̀ sórí ẹní, màá fọwọ́ méjèèjì tilẹ̀ bí ọmọ tó ń rá. Màá rọra gbé ẹ̀yìn sókè bí ológbò tó ń nara, màá dá a padà kó tẹ́jú, láì jẹ́ kó wọnú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá péré. Lẹ́yìn náà, màá fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, ìrọ̀rí láàárín orúnkún, ìró tí mo ká sábẹ́ ikùn. Màá fún ìka ẹsẹ̀ díẹ̀, màá tú u sílẹ̀ (ẹ má fún un jù o, iṣan á fà yín), ó kan itan, ó kan ọwọ́, ó kan èjìká, ó wá kan ẹnu. Háà! Àṣé láti àárọ̀ ni mo ti di eyín pọ̀, mi ò mọ̀! Ikùn nìkan ni mi kì í fún.

Ìyá ọkọ mi ló ń bá mi ka èémí, bó ṣe ń ka ẹja fún oníbàárà gẹ́lẹ́: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, mo fà á sínú; á tún kà á láti ení dórí ẹ̀fà, mo tú u jáde. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, oorun ti ń gbé mi lọ kó tó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kì í ṣe gbogbo òru o, àmọ́ ó pọ̀ ju èyí tí mi ò sùn lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn tó bá ń ro, tó ń dáwọ́ dúró, tó tún ń padà wá léraléra kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá bá a wá, tàbí ibà, tàbí tí ọmọ kò bá yí bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀, ẹ má dúró ka èémí kankan. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, ìyá ọkọ mi gbé tábìlì gíga kan wá sí ìsọ̀ wa. Ìdúró ni mo fi ń ha ìpẹ́ báyìí.