Ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé lọ́dọ̀ mi fẹ́ máa rìnrìn àjò ní gbogbo Sátidé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Bódìjà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí àwọn tó ti rí irú rẹ̀ rí bá mi dá sí.

A gba akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan láti Amẹ́ríkà sílé. Yunifásítì Ìbàdàn ló ti ń kọ́ èdè Yorùbá, ọ̀dọ̀ wa ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń jẹ. Ọmọ ọdún 21 ni. Ọmọ dúdú ni, ẹ ò ní mọ̀ pé àlejò ni àfi tó bá lanu, ìgbà yẹn ni gbogbo ọjà Bódìjà á bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní òyìnbó. Láàárín ọ̀sẹ̀, kò sí ìjọ̀ngbọ̀n kankan. Ọwọ́ ló fi ń fọ aṣọ rẹ̀. Wọ́n mú iná lọ, kì í kùn. Ó ń wọ Micra lọ sí géètì UI bí ẹni tí wọ́n bí sí Bẹẹrẹ. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró, ẹ kú àtàárọ̀, gbogbo rẹ̀ ló ti há sórí, ó sì ń kí ènìyàn ju àwọn ọmọ tí mo bí lọ. Àmàlà ló kọ́kọ́ bá a jà, ṣùgbọ́n ní báyìí òun ló ń bi mí pé ṣé kò ní sí gbẹ̀gìrì lónìí ni.

Ìparí ọ̀sẹ̀ ni wàhálà. Tí ó bá ti di alẹ́ Fráídè, á gbé fóònù wá, á máa fi máàpù hàn mí. Ó fẹ́ lọ Ọ̀ṣogbo, ó fẹ́ lọ Abẹ́òkúta, ó fẹ́ gun òkè Ìdànrè, ó fẹ́ lọ wo òkun l'Ékòó. Òun nìkan o! Ọkọ̀ èrò ló sì fẹ́ wọ̀. Bàbá àwọn ọmọ ní kí n jẹ́ kó máa lọ, pé àgbàlagbà ni. Èmi ò lè sùn. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ ọlọ́mọ lójú ọ̀nà, kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀? Obìnrin yẹn máa ń pè mí lórí WhatsApp lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a ti di ọ̀rẹ́.

Ohun kejì: Sátidé là ń jáde. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ilé ṣíṣí, ẹ mọ bó ṣe ń rí ní Ìbàdàn. Mo ra aṣọ ẹbí fún un, mo rán an. Ó wọ ti àkọ́kọ́, ó jó, wọ́n náwó fún un, inú rẹ̀ dùn dé ilé. Nígbà tí òmíràn dé, ó ní kí n má bínú, Ọ̀yọ́ lòun ń lọ lọ́jọ́ yẹn. Ó dùn mí díẹ̀, n ò ní purọ́.

Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni àbí kí n fòfin dè é? Tó bá sì jẹ́ pé yóò lọ, báwo ló ṣe yẹ kó lọ?

Awakọ̀ Ìwó Road

Mọ́mì, ẹ kú ìtọ́jú. Mo ti ń wa ọkọ̀ Ìbàdàn sí Ọ̀ṣogbo tipẹ́, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Aago ni kí ẹ bẹ̀rù, ẹ má bẹ̀rù ọ̀nà. Kó wà ní gáréèjì kí aago méje àárọ̀ tó lù. Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ àárọ̀ tètè ń kún nítorí àwọn tó ń lọ òde. Kó sì ti wà nínú ọkọ̀ àbọ̀ kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó kọjá. Ẹni tó bá dúró di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ tí kò kún ló máa bá. Awakọ̀ á máa já èrò, á máa gbé èrò lójú ọ̀nà, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wọn lórí.

Inú gáréèjì ni kó ti wọkọ̀. Sóólè, ọkọ̀ tó ń gbé èrò lẹ́bàá ọ̀nà láìwọ gáréèjì, kọ́ o! Mo mọ̀ pé sóólè yá, ó sì lè dín díẹ̀ lówó, ṣùgbọ́n ta ló mọ ẹni tó ń wa mọ́tò yẹn? Kó ya nọ́ńbà ọkọ̀ ní fọ́tò, kó fi ránṣẹ́ sí yín kí wọ́n tó gbéra. Bí awakọ̀ bá ń sá eré àsápajúdé, kó pariwo. Àwọn ìyá tó wà nínú ọkọ̀ á gbè é lẹ́yìn, mo fi iṣẹ́ mi búra. Nọ́ńbà Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122, kó fi sórí fóònù rẹ̀.

Ọ̀nà Gbọ̀ngán la máa ń gbà, a ó sì kọjá Ìkirè. Kó ra dòdò Ìkirè.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Mọ́mì, ẹ gbà mí láyè kí n sọ òótọ́. Aṣọ ẹbí yẹn ló ń dùn yín o, kì í ṣe ojú ọ̀nà.

Ìyá Bódìjà

Ọmọ Mọ́kọ́lá, máa rọra. Ṣé ìwọ lo san owó léèsì ni?

Mo Ti Dé Láti Jámánì

Ẹ kú ọ̀rọ̀, mà. Èmi náà jẹ akẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ òkèèrè rí, Jámánì ni mo ti kàwé kí n tó padà sí Àkóbọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lẹ́yìn ìrìn àjò yìí, nítorí ẹni tí kò bá gbé ibẹ̀ rí lè rò pé afẹ́ lásán ni.

Láti Mọ́ńdè dé Fráídè, kíláàsì, ilé ìkàwé, ilé oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́, yàrá. Tí Sọ́ńdè bá dé, òfin ló ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù pa níbẹ̀, àfi àwọn díẹ̀ bíi ti ibùdókọ̀ ojú irin. Ìwọ tí o gbàgbé láti ra búrẹ́dì ní Sátidé, o ti gbààwẹ̀ nìyẹn. O ò gbọdọ̀ lu ìṣó mọ́ ògiri, o ò gbọdọ̀ yí orin sókè, aládùúgbò á kan ilẹ̀kùn. Mo máa ń kó ike omi jọ lọ dá padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń san sẹ́ńtì 25 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó ike yẹn ti ra oúnjẹ fún mi lọ́jọ́ tí nǹkan le. Tí ẹ bá wà nínú yàrá bẹ́ẹ̀ tí ẹ ò gbọ́ ohùn ènìyàn kan, ẹ̀yin náà á wá ọkọ̀ wọ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n gbé tíkẹ́ẹ̀tì kan jáde tí wọ́n ń pè ní Deutschlandticket. Yúrò 49 lóṣù ló jẹ́ nígbà yẹn (ó ti gbówó lórí báyìí). O lè fi wọ bọ́ọ̀sì, tíráàmù àti rélùwéè tó ń dúró káàkiri, ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, àfi àwọn tó ń sáré bí ICE. Ohun tí mo fi pa Sátidé mi nìyẹn. Inú ọkọ̀ ni mo sì ti gbọ́ èdè wọn. Olùkọ́ máa ń rọra sọ̀rọ̀ kí o lè gbọ́ ọ, ìyá arúgbó tó jókòó tì ọ́ nínú ọkọ̀ kò ní rọra sọ ohunkóhun.

Ọmọ yẹn ti gbọ́ Yorùbá Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kó lọ gbọ́ bí Ẹ̀gbá ṣe ń sọ ọ́.

Tísà Àkóbọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ẹni tó ń ṣe sólà dáadáa ní àdúgbò Àkóbọ̀, kó fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀.

Alábòójútó

Tísà, ẹ ṣí ọ̀rọ̀ tiyín lọ́tọ̀.

Bàbá Òkè-Àdó

Ìyá Bódìjà, ẹ kú ìtọ́jú àlejò. Ìbéèrè tí mo rò pé ẹnìkan á ti bi yín ni pé ta ló mú ọmọ náà wá? Ilé ẹ̀kọ́ tó fi í sọ́dọ̀ yín ní òfin tirẹ̀ lórí ìrìn àjò. Ẹ pe ẹni tó ń mójú tó wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ibi tó ń lọ àti ibi tó máa sùn sílẹ̀ kó tó gbéra. Tí òfin bá ti wà, kò kàn yín láti ṣe òmíràn, ẹ ò sì ní dá ẹrù náà gbé mọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà pàápàá ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní STEP, tí ọmọ wọn á fi orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ilé iṣẹ́ aṣojú wọn lè máa kìlọ̀ fún un bí ìlú bá gbóná. Ẹ béèrè bóyá ó ti ṣe é. Ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù àti físà ni kó máa mú rìn, kí ògidì wà nínú àpótí nílé.

Ìdànrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlọbọ̀ ọjọ́ kan láti Ìbàdàn. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ju 600 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún kó sun Àkúrẹ́ mọ́jú, kó má sì dá lọ.

Kí ó tó di gbogbo ìyẹn, ṣé ó ti rí Ìbàdàn? Ó ti gun Layípo ní Òkè Aarẹ̀? Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ yẹn ní ìrántí Bower tó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ níhìn-ín, téèyàn bá sì dé orí rẹ̀, páánù tó ti dípẹtà ni yóò máa wò títí dé ibi tí ojú mọ. Ó ti wọ gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929? Ó ti dúró sísàlẹ̀ Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀? Ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀, owó kòkó ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Sátidé tí òjò bá ń rọ̀, tí ọkàn yín ò balẹ̀, ẹ fi Ìbàdàn dí i.

Ọmọ Ọ̀ṣogbo ní Sángo

Bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n Igbó Ọ̀ṣun ni kó kọ́kọ́ lọ! UNESCO fi í sára ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Kó béèrè ìtàn Susanne Wenger, ará Austria tí a ń pè ní Àdùnní Olóòrìṣà, tó wá tí kò padà lọ mọ́, Ọ̀ṣogbo ló kú sí ní 2009. Èmi ò sọ pé kí ọmọ yín náà má padà sílé o.

Kó má pẹja níbẹ̀, èèwọ̀ ni. Kó má sì mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́, àwọn ọ̀bọ inú igbó yẹn kì í bẹ èèyàn. Tó bá jẹ́ pé ọdún Ọ̀ṣun ti oṣù kẹjọ ló fẹ́ wò, èrò á pọ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín bá a lọ.

Ìyá Aládìrẹ Gbági

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ti gbàgbé rélùwéè. Abẹ́òkúta ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kò sí gáréèjì, kò sí sóólè, kò sí eré àsápajúdé. Mọ́níyà lẹ ti máa wọ̀ ọ́, ibùdó Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Láti 2021 ló ti ń gbé èrò lọ sí Èkó, ó sì ń dúró ní Abẹ́òkúta, ibùdó Wọlé Ṣóyínká ní Láderin. Ẹ yẹ aago tó ń gbéra wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ohun kan tó wà níbẹ̀ ni pé Láderin jìnnà sí àárín ìlú. Kó ná owó ọkọ̀ kó tó wọlé, kó sọ pé Olúmọ lòun ń lọ. Ibẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní 1830 nígbà ogun. Kó gba ara òkúta náà gùn ún, kó má gba ẹ̀rọ agbénisókè, kí ni ọmọ ọdún 21 fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe?

Lẹ́yìn náà kó yà sí Ìtọ́kú, ọjà àdìrẹ.

Ìyá Bódìjà

Ẹ ṣé o, gbogbo yín, Ọmọ Mọ́kọ́lá náà. Mo ti pe ọ̀gá wọn nílé ẹ̀kọ́, ìwé kan wà lóòótọ́ tó yẹ kó máa kọ ọ̀rọ̀ sí kó tó jáde nílùú. A jọ jókòó lálẹ́ àná. Mo ní aago méje alẹ́ kò gbọdọ̀ bá a lóde, ó gbà. Mo ní kó máa fi fọ́tò ọkọ̀ ránṣẹ́, ó gbà. Mo ní Sátidé kan lóṣù, tèmi ni, kó bá mi lọ òde. Ó ronú díẹ̀, ó ní ṣé òun lè yan èyí tó bá wu òun? Ẹ wo ọmọ yìí! Mo ní ó dáa.

Rélùwéè ló ń gbà lọ Abẹ́òkúta lọ́sẹ̀ yìí, ọmọ mi obìnrin á bá a lọ, ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan ló ní kí n fi ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé òun. Ó ní kí n bi Ìyá Aládìrẹ pé èló ni òun máa mú lọ sí Ìtọ́kú.

Ìyá Aládìrẹ Gbági

N ò ní sọ iye. Kó má san iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè, Yorùbá ni kó fi ná an, kí ọmọ yín má bá a dá sí i. Tó bá rí àdìrẹ ẹlẹ́kọ gidi, kó ya fọ́tò rẹ̀ sí mi kó tó sanwó.