«Ìṣọ́-ara» kọ́ o: kí la ó pe wíwá kẹ́míkà nínú ara?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ ní ká máa pe biomonitoring, ìyẹn wíwá kẹ́míkà nínú ara èèyàn, ní «ìṣọ́-ara», ká sì pe àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń fi í wá ní «májèlé àyíká». Ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀.

Ní Muṣin tí mò ń gbé, ẹni tó bá gbọ́ ìṣọ́, ìṣọ́ òru ṣọ́ọ̀ṣì ló ń rò, tàbí ọlọ́dẹ ẹnu géètì. Kò ní rántí ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, irun àti omi ọyàn, bẹ́ẹ̀ inú wọn ni wọ́n ti ń wá nǹkan wọ̀nyí.

«Májèlé» ló kọ mí lóminú jù. Májèlé lẹ́ni tó ń fi í síni lóúnjẹ. Ẹ sọ fún ìyá kan ní Ládípọ̀ pé májèlé wà lára ọmọ rẹ̀, «Ta ló fún un jẹ?» ni yóò kọ́kọ́ bi yín. Orogún ti wọ ọ̀rọ̀ nìyẹn! Ó sì lè jẹ́ òjé, láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ àlòkù, tàbí láti inú tìróò tí ìyá fúnra rẹ̀ lé fún un. (Òjé àti imí-ọjọ́ ló para pọ̀ di òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe ojúlówó tìróò.)

Èmi dábàá «agbénúara», ohun tó ń gbé inú ara, dípò «májèlé àyíká». Àbúrò kan ní kò bára mu, torí kẹ́míkà BPA inú ike kì í ju bí ọjọ́ kan lọ kó tó bá ìtọ̀ jáde, nígbà tí òjé tó bá ti wọ eegun lè lo ogún ọdún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àlejò tó ń wá lójoojúmọ́, kí ló fi yàtọ̀ sí ayálégbé?

Mo fara mọ́ «ìfiṣáájú» yín, ìyẹn yíyan kẹ́míkà tí a ó kọ́kọ́ mójú tó. Kẹ́míkà pọ̀, owó àyẹ̀wò kò tó. Èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ èèyàn, tó ń ṣe wọ́n léṣe, tí a sì lè dí orísun rẹ̀, la ó kọ́kọ́ kojú. Àmọ́ ẹ má pe microgram 3.5 tí CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fi lélẹ̀ ní 2021 fún òjé nínú deciliter ẹ̀jẹ̀ ọmọdé ní «òdiwọ̀n àìléwu». Àmì lásán ni, láti mọ ọmọ tí tiẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. «Àmì ìfura» ń kọ́?

Mo dán «agbénúara» wò lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta tìróò ní Ìdúmọ̀tà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, «Ṣé aràn ni?» Mi ò tíì rí èsì fún ìyẹn.