Bíríkìlà ní fẹ́ǹsì mi máa gba búlọ́ọ̀kù 2,600: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọAkínyẹlé
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ra ilẹ̀ kan ní Mọ́níyà, fíìtì 50 sí 100. Kí n tó kọ́lé síbẹ̀, mo fẹ́ mọ fẹ́ǹsì yí i ká, torí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Àbújá ni mo ń gbé. Bíríkìlà kan tí wọ́n júwe fún mi lọ wo ibẹ̀, ó sì fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: búlọ́ọ̀kù 2,600, sìmẹ́ǹtì àpò 120, rọ́ọ̀dù 34. Ó parí. Ṣé kí n wá QS (ẹni tó ń ṣírò ohun èlò àti owó ilé kíkọ́) ni, àbí ọ̀nà wà tí mo lè fi ṣírò rẹ̀ fúnra mi? Mi ò fẹ́ pe ẹni ẹlẹ́ni lólè, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe mùmù.

TéèpùLọ́wọ́
QS kẹ̀? Fún fẹ́ǹsì? Gbé bírò. 50 sí 100, yíká rẹ̀ jẹ́ fíìtì 300. Búlọ́ọ̀kù kan gùn ní íǹṣì 18, ìyẹn fíìtì kan àbọ̀. Pín 300 sí 1.5, 200 nìyẹn. Kóòsì kan, ìyẹn ìlà búlọ́ọ̀kù kan yíká, gba búlọ́ọ̀kù 200, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kóòsì 8 lókè, oní-íǹṣì 6 (nínípọn rẹ̀ ni mò ń sọ), tó fún fẹ́ǹsì: búlọ́ọ̀kù ga ní íǹṣì 9, tí a bá fi íǹṣì kan ti mọ́tà kún un, ó ga ju orí ènìyàn lọ. Yọ géètì fíìtì 12 àti ilẹ̀kùn kékeré fíìtì 3, búlọ́ọ̀kù 10 ni yóò jáde nínú kóòsì kọ̀ọ̀kan. Ó ku 190. Ní ìgbà 8, 1,520. Kóòsì 2 ti ìpìlẹ̀, oní-íǹṣì 9, jẹ́ 400. Àpapọ̀ 1,920. Níbo ni 680 yòókù ń lọ? Ó ti fẹ́ fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ nìyẹn.

BàbáOníṣíbírì
Ìwọ TéèpùLọ́wọ́, rọra o. Ọdún mélòó ni mo ti ń to búlọ́ọ̀kù? Kí ẹ tó sọ pé ó jalè, ẹ bi í pé kóòsì mélòó ló ń sọ. Kóòsì 10 lókè, 3 nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ 13. 13 lọ́nà 200, èló ni? 2,600 géérégé. Kò yọ géètì ni, ìyẹn nìkan ni ẹ̀sùn tí mo gbọ́ lẹ́nu yín. Ilẹ̀ tó bá dà sẹ́yìn máa ń jẹ kóòsì kẹta nísàlẹ̀, ẹni tó wà l'Ábújá kò lè mọ̀.

Ti èyí tó máa fọ́ ńkọ́? Mi ò rí i kí TéèpùLọ́wọ́ kà á. Àmọ́ mo máa gbà á sílẹ̀: tí ẹ bá gbé òpó kan sí fíìtì 12 méjìméjìlá, òpó 25 ni, oní-íǹṣì 9. Wọ́n máa gba ààyè búlọ́ọ̀kù bíi 12 nínú kóòsì kan. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn dípò àwọn tó fọ́.

QS_Ajírọ̀
Bàbá ti sọ ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ n fi ti sìmẹ́ǹtì kún un.

Kànkéré ìpìlẹ̀: gígùn 300, fífẹ̀ fíìtì 2, nínípọn íǹṣì 6. Mítà kíúbíìkì bíi 8.5 ni. Òkúta, yanrìn àti sìmẹ́ǹtì tí ẹ gbé sílẹ̀ ní gbígbẹ máa ń sùn sínú ara wọn tí omi bá ti kàn wọ́n, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọ́ di ìlọ́po 1.54 kí a tó pín in. Tó bá jẹ́ 1-2-4 (sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, òkúta 4), mítà kíúbíìkì kan ń gba àpò 6.3, gbogbo rẹ̀ bíi 54. Tó bá jẹ́ 1-3-6, àpò 4.4 péré, bíi 38. Lábẹ́ fẹ́ǹsì tí kò ru nǹkan kan, 1-3-6 tó, àfi tí ilẹ̀ bá rọ̀. Òpó ni kí ẹ fi 1-2-4 ṣe, bíi àpò 23 fún gbogbo wọn.

Mọ́tà 1-6: àpò kan ń to oní-íǹṣì 9 bíi 50, oní-íǹṣì 6 bíi 60. Fún 1,920 yẹn, àpò 33. Àpapọ̀ mi 94. Tí ẹ bá fi 1-2-4 ṣe ìpìlẹ̀, 110. Ti 120 rẹ̀ kò burú rárá fún kóòsì 13.

Ní ti QS, bó o bá dé orí ilé alájà, wá wa. Kí ó jẹ́ ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ QSRBN, ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1986 dá sílẹ̀. Fẹ́ǹsì kò tó yẹn.

ÌyáRọ́ọ̀dù
Gbogbo yín fo rọ́ọ̀dù dá. Òpó 25, irin mẹ́rin mẹ́rin ló máa dúró nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, irin 100 nìyẹn. Rọ́ọ̀dù kan gùn ní mítà 12, fíìtì 39 àti díẹ̀. Bí bẹ́ńdà (ẹni tó ń gé irin tó sì ń tẹ̀ ẹ́) bá gé e ní fíìtì 10, mẹ́ta ló máa jáde, fíìtì 9 á ṣẹ́ kù tí kò wúlò fún nǹkan kan. Ibẹ̀ ni 34 ti wá. Bó bá gé e ní fíìtì 9 àti íǹṣì 9, mẹ́rin á jáde, rọ́ọ̀dù 25 á sì tó. Fún kóòsì 8 lókè àti 2 nísàlẹ̀, gígùn yẹn tó, pẹ̀lú ibi tí wọ́n máa tẹ̀ nísàlẹ̀. Íǹṣì 3 péré ló jẹ rọ́ọ̀dù 9.

Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó, ọmọ mi. Oní-mílímítà 12 tó péye, bíi 93 ló ń wọ tọ́ọ̀nù kan. Ẹni tó bá kó 110 fún ẹ tó ní tọ́ọ̀nù kan ni, kì í ṣe pé ó ń ta ẹ́ lọ́rẹ, irin tín-ín-rín ló kó fún ẹ.

ỌmọAkínyẹlé
Ẹ ṣé gan-an, màámi. Mo ti pe bàbá bíríkìlà. Òótọ́ ni BàbáOníṣíbírì sọ: kóòsì 10 ló kà, torí pé fẹ́ǹsì aládùúgbò ga tó bẹ́ẹ̀, 3 nísàlẹ̀ torí ẹ̀yìn ilẹ̀ dà. A ti fẹnu kò sí 8, kóòsì kẹta sì máa wà lẹ́yìn nìkan. Mo ní ṣé ó fi téèpù wọn ilẹ̀ náà. Ó ní ṣebí èmi ni mo sọ pé 50 sí 100 ni. Mo wá rán àbúrò mi lọ lánàá pẹ̀lú téèpù. Láti òpó sọ́fè kan (àmì tí sọ̀fíyọ̀ rì sí igun ilẹ̀) sí èkejì, 48 sí 97 ló bá.

TéèpùLọ́wọ́
290 nìyẹn, búlọ́ọ̀kù bíi 193 ní kóòsì kan. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bíríkìlà yín.

BàbáOníṣíbírì
Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti búlọ́ọ̀kù báyìí, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kò pé 50 sí 100. Má tíì rà ìkankan. Pe sọ̀fíyọ̀ tó ṣe ìwé ilẹ̀ yẹn lónìí.