Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìwakọ̀ lẹ́ẹ̀kejì: kí ni àwọn tó ń dán wa wò ń wò gan-an?

Olùkọ́ Adó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Mo ní ìbéèrè kan, mo sì bẹ ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín pé kó kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná. Ẹni ọdún 46 ni mí. Adó-Èkìtì ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lápá Ìgèdè ni mo ti ń ṣe olùkọ́. Nígbà tí owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ fẹ́ jẹ owó oṣù mi tán, mo ra Corolla àlòkù kan tó jẹ́ onígíà ọwọ́, mo forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀, mo gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, mo lẹ lẹ́tà L mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀, mo sì ń kọ́ ọ títí ọ̀gá mi fi sọ pé mo ti tó ẹni tí àwọn VIO, ìyẹn àwọn ayẹkọ̀wò ìjọba, lè dán wò.

Nígbà àkọ́kọ́, mo fi ẹ̀yìn ọkọ̀ gbá agbá níbi tí mo ti ń ṣe rífáàsì. Ìyẹn yé mi, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, tó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ni kò yé mi títí di ìsinsìnyí. Mo wọ àárín àwọn agbá náà láìfara kan ẹyọ kan, a sì bọ́ sí títì. Nígbà tí a dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan, ọ̀gá tó jókòó tì mí ní kí n dúró, kí n sì tún gbéra. Ẹ́ńjìnì kú. Mo tan án, ó tún kú. Ọ̀kadà kan tó wà lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè bí ẹni pé ilé ń jó. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkọ̀ gbéra, mo mí kanlẹ̀, a sì parí ìyókù láìsí wàhálà. Nígbà tí a padà dé, ọ̀gá náà kọ nǹkan sórí ìwé rẹ̀, ó wò mí, ó ní: "Mọ́mì, ọwọ́ yín dára, ojú yín ni kò ṣiṣẹ́. Ẹ padà wá." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ bá ẹni tó kàn.

Ojú tí mo fi ń máàkì ìwé ọmọ 43! Mi ò gbá ènìyàn, mi ò gbá ẹran. Báwo ni ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣe mọ ohun tí ojú mi rí àti èyí tí kò rí? Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń kọ sórí ìwé yẹn? Kí n má sì parọ́, ìtìjú rẹ̀ ń dà mí láàmú. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí a jọ lọ, tí wọn kò lè ju ọmọ ọdún 19 lọ, ni wọ́n yege. Ọ̀kan nínú wọn yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Pẹ̀lẹ́ yẹn dùn mí ju ìdánwò náà lọ. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́. Àràárọ̀ ni mo ń gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mi kọjá lọ wọ ọkọ̀ èrò.

Ayẹkọ̀wò Tó Ti Fẹ̀yìntì

Olùkọ́, ẹ kú ìrọ́jú. Iṣẹ́ ayẹkọ̀wò ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìntì, mo sì ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n lórí sítíárì. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan kí n tó dáhùn tiyín. Ẹ ní ọ̀kadà kan ń fọn fèrè lẹ́yìn yín nígbà tí ẹ́ńjìnì kú. Níbo ni ọ̀kadà náà wà nígbà tí ẹ gbéra ní ẹ̀ẹ̀kẹta?

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ẹ ò mọ̀. Ọlọ́kadà tí ọkọ̀ ti dí lọ́nà lẹ́ẹ̀mejì kì í dúró de ẹ̀ẹ̀kẹta. Apá òsì ni yóò gbà láti yọ síwájú yín, àkókò yẹn gan-an sì ni inú yín ń dùn pé ẹ́ńjìnì kò kú mọ́, tí ẹ tẹ tọ́tù láìwo dígí òsì. Bí kò bá sí ẹni tó ṣubú, orí ló yọ yín.

Ẹ́ńjìnì tó kú kì í dédé já ènìyàn kulẹ̀ lọ́dọ̀ mi, bí bíréèkì ọwọ́ bá ti di ọkọ̀ mú ṣinṣin tí ẹni náà sì fara balẹ̀ tún un tan. Kí ọkọ̀ máa yí padà sẹ́yìn ni mi ò jẹ́ gbójú fò, nítorí pé ẹni tó dúró lẹ́yìn yín kò ṣẹ̀ yín. Bí mo ṣe ń pín àṣìṣe nìyẹn: àwọn kan wà tí ìdánrawò yóò tún ṣe, bíi kí gíà máa ké tàbí kí ènìyàn jìnnà díẹ̀ jù sí etí ọ̀nà nígbà tó ń páàkì; àwọn kan sì wà tó lè pa ẹlòmíràn lónìí. Tàkọ́kọ́ lè pọ̀ díẹ̀, kí n ṣì fọwọ́ sí ìwé. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, ẹyọ kan ti tó.

Ẹ wá béèrè bí a ṣe ń mọ ohun tí ojú rí. Èmi tí mo jókòó sápá ọ̀tún kò lè rí ẹyinjú yín, ṣùgbọ́n mo rí orí yín, mo sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹni tó bá wo dígí òsì, orí rẹ̀ yóò yí díẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹni tó fẹ́ gbéra láti etí ọ̀nà tí kò fi ojú wẹ èjìká, mo ti mọ̀. Ti ẹsẹ̀ ló wá jinlẹ̀ jù. Ká ní àwọn ọmọ iléèwé dúró sí etí títì níwájú, mítà bí 50 sí wa. Awakọ̀ kan yóò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù kí n tó ronú kàn án. Ẹ́ńjìnì yóò rọlẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ti rí wọn. Òmíràn yóò máa sáré bọ̀ títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ wọn, yóò wá já bíréèkì mọ́lẹ̀ lójijì. Àwọn méjèèjì ni kò gbá ọmọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan rí wọn, èkejì bá wọn pàdé ni. Ẹsẹ̀ ló ń jẹ́rìí sí ojú.

A tún ń wo ètò tí nǹkan ń gbà tẹ̀lé ara wọn. Dígí ni àkọ́kọ́, tíráfíkétọ̀ ló tẹ̀ lé e, kí ẹ tó yà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tan tíráfíkétọ̀ tán kí wọ́n tó wo dígí, ìyẹn ni pé wọ́n ti pinnu kí wọ́n tó mọ ẹni tó ń bọ̀. Ní ti eré, 50 kìlómítà láàárín wákàtí kan ni òpin inú ìlú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sá 45 níwájú ọjà lọ́jọ́ ọjà ti sáré jù lójú mi.

Ohun kan tí mo máa bá ọ̀gá yẹn wí lé lórí ni pé ó sọ ìdájọ́, kò sọ ìdí. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í pé, "Níbo gan-an ni ojú mi kò ti ṣiṣẹ́, sà?" Bí ẹ bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í, ọ̀pọ̀ wa yóò sọ ọ́.

Ọmọ Ọjà Ọba

Ẹ̀yin náà ń da ara yín láàmú. Èmi kò rí ẹni tó jókòó tì mí rárá kí láísẹ́ǹsì tó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, mà, kí n mú yín mọ ẹnì kan.

Olùkọ́ Adó

Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta ni màá máa gbé sẹ́yìn ọkọ̀ lójoojúmọ́, ọ̀kan nínú wọn kì í sì í ṣe tèmi. Ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ ni wọ́n kúkú ń pe Èkìtì.

Akọ́niwakọ̀ Ìkẹ́rẹ́

Bàbá wa ti sọ èyí tó tóbi jù, èmi á sọ ti orí òkè, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Èkìtì nítorí òkìtì rẹ̀, ẹni tí kò bá mọ bí a ti í gbéra lórí òkè níbẹ̀ kò tíì mọ ọkọ̀ wà. Abẹ́ àpáta Olóṣùnta ní Ìkẹ́rẹ́ ni mo ń gbé, bẹ́ẹ̀ mo ṣì ń rí àwọn olùkọ́ ìwakọ̀ tó ń fi pápá títẹ́jú nìkan kọ́ ọmọ títí di ọjọ́ ìdánwò.

Olùkọ́, ẹ wá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí ọkọ̀ kì í pọ̀ níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sunday, kí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì sì jókòó tì yín. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́ sókè, ẹ ki gíà àkọ́kọ́, ẹ tẹ tọ́tù díẹ̀, kí ẹ wá máa gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì ní díẹ̀díẹ̀ títí imú ọkọ̀ yóò fi gbé sókè bíńtín tí ìró ẹ́ńjìnì yóò sì wúwo bí ẹni tó gbé àpò ẹlùbọ́. Ẹ dá ẹsẹ̀ dúró níbẹ̀. Ọkọ̀ kò ní lọ síwájú, kò sì ní padà sẹ́yìn. Àkókò tí ẹ ní láti wo dígí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti èjìká òsì nìyẹn, nítorí kò sí ohun tó ń lé yín. Ìgbà tí ẹ bá wò ó tán ni kí ẹ tú bíréèkì ọwọ́. Àwọn tó ń kánjú tú bíréèkì ní ìbẹ̀rẹ̀ ni kì í ráyè wo nǹkan kan. Ẹsẹ̀ wọn ni gbogbo ọkàn wọn wà. Ẹ má sì wọ sílípáàsì oníròbà lọ síbẹ̀. Mo ti rí i tí ó há sábẹ́ kílọ́ọ̀ṣì.

Ohun kejì ni pé kí ẹ máa sọ ohun tí ẹ bá rí jáde lẹ́nu bí ẹ ti ń wakọ̀. "Kẹ̀kẹ́ Maruwa fẹ́ dúró. Ewúrẹ́ lápá ọ̀tún. Obìnrin kan fẹ́ sọdá, kò tíì wò mí." Lójú ọjọ́ àkọ́kọ́, yóò dà bí ẹni tó ń sínwín. Bí ẹ bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan láàárín ìlú, ẹ mọ̀ pé ojú ti sùn.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Ìjerò

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àǹtí, bí pẹ̀lẹ́ mi kò bá ní dùn yín bíi ti ọmọkùnrin yẹn. Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo wà báyìí. Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà ni mo fi wakọ̀ fún oṣù 12 àkọ́kọ́ tí òfin ìlú yìí gbà, lẹ́yìn náà ni mo ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò rí ọkọ̀ rí. Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ló ṣáájú, ìbéèrè 50, ẹ sì gbọ́dọ̀ gba 43. Ṣùgbọ́n apá kejì rẹ̀ ló jọ ọ̀rọ̀ tiyín: wọ́n ń fi fídíò kéékèèké 14 hàn yín bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀, ẹ ó sì tẹ bọ́tìnì nígbà tí ẹ bá rí i pé ewu kan ti ń bọ̀. Bí ẹ bá tètè rí i, máàkì pọ̀. Bí ẹ bá pẹ́, ó lọ sílẹ̀. Ojú nìkan ni wọ́n ń dán wò níbẹ̀. Kò sí sítíárì, kò sí gíà.

Lórí títì, ìdánwò náà tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Àṣìṣe kéékèèké 15 ni wọ́n lè gbójú fò. Bí ó bá di 16, ó tán. Àṣìṣe ńlá ẹyọ kan, tàbí èyí tó léwu, sì ti já ènìyàn kulẹ̀, bí gbogbo ìyókù tilẹ̀ mọ́ bí omi. Èyí tó ṣe mí nìyẹn. Láti 2 April 1972 ni wọ́n ti ń gba apá ọ̀tún ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n apá òsì ni wọ́n ń gbà níbí. Mo dé ràǹdábáọ̀tù, mo wo òsì dáadáa gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe ní Adó, mo sì wọlé. Apá ọ̀tún ni ọkọ̀ ń gbà bọ̀. Olùdánniwò tẹ bíréèkì tiẹ̀. Kò pariwo, ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ó kù ìṣẹ́jú 25, a sì wa gbogbo rẹ̀ parí ní ìdákẹ́jẹ́.

Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo pe ìyá mi ní Ìjerò, wọ́n bi mí bóyá ẹnikẹ́ni fara pa; mo ní rárá; wọ́n ní kí n lọ jẹun, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ iṣu. Ohun tó gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú ni pé mo sọ ọ́ níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Nínú àwa mẹ́fà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, mẹ́rin ló ti fìdí rẹmi rí. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ń yege níbí kì í tó ìdajì àwọn tó jókòó fún un. Ẹ sọ ọ́ fún olùkọ́ kan péré ní ilé ẹ̀kọ́ yín kí ẹ wò ó. Wọn kì í sì í jẹ́ ká padà wá kí ọjọ́ iṣẹ́ 10 tó kọjá. Inú bí mi sí òfin yẹn nígbà náà, ṣùgbọ́n ká ní wọ́n jẹ́ kí n padà lọ́la ni, màá tún wo òsì.

Olùkọ́ Adó

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Bàbá, mo ti ń ro ìbéèrè yín láti àná. Mo rántí ọlọ́kadà náà. Ó wọ ẹ̀wù búlúù, ó di àpò kan mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀, okùn àpò náà sì ti tú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí. Ìyẹn ni pé ó ti wà níwájú mi kí n tó rí i rárá.

Mo sọ fún olùkọ́ kíláàsì kejì lánàá. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun ṣe tòun. Ọdún mẹ́fà ni a ti jọ ń jẹun ọ̀sán, kò sọ ọ́ rí!

Ìbéèrè kan ló kù. Ṣé mo lè máa sọ ohun tí mo bá rí jáde lẹ́nu nígbà tí olùdánniwò bá jókòó tì mí, àbí yóò rò pé mo fẹ́ fi ẹnu gba máàkì?

Ayẹkọ̀wò Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ẹ sọ fún un kí ẹ tó tan ọkọ̀ pé bí ẹ ṣe kọ́ ọ nìyẹn, kò sí ẹni tí yóò bínú sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní "mo rí ewúrẹ́", kí ẹsẹ̀ yín náà rí i.