Èsì sí àkójọ ọ̀rọ̀ fẹ́sípà: n kò gba «àìjí»

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lórí bí a ṣe ń wá ìdí àìsàn iná fẹ́sípà, alùpùpù onítáyà kékeré yẹn. Iṣẹ́ ńlá ni, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà níbẹ̀ tí kò lọ lọ́fun mi. Wọ́n ní bí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, «àìjí» ni kí á máa pè é. Wọ́n ní iná tó ń fò lẹ́nu púlọ́ọ̀gì (ohun tó ń ta iná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì) ni «ìtanná». Wọ́n sì pe wáyà tó ti bátìrì lọ sára irin ọkọ̀ ní «okùn ilẹ̀». Àwọn kan ti ń kan sáárá sí i, wọ́n ní kí á kó o fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Èmi kò fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú «àìjí». Kò sí ìjà láàrin èmi àti «àì-». Àìsàn, àìgbọràn, àìrójú, gbogbo wa la mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. «Jí» ni mo ń bá fà á. «Jí» yìí kan náà la fi ń sọ pé olè jí nǹkan, ohùn òkè ni méjèèjì, kò sí àmì tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. «Fẹ́sípà àìjí» lè jẹ́ fẹ́sípà tí olè kò tíì gbé. Ìyẹn gan-an ṣì kéré. Ohun tó dùn mí jù ni pé «àìjí» kó àìsàn mẹ́ta tí kò bá ara wọn tan pọ̀ sójú kan. Ẹni tó bá fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ ti dí i létí kó tó mú sípánà.

Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wá wo ilé náà. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì sítátà (mọ́tò kékeré tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè gbéra), kí ẹ dákẹ́, kí ẹ gbọ́. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohunkóhun, àṣẹ kò dé ọ̀dọ̀ sítátà rárá. Ọ̀pọ̀ fẹ́sípà òde òní kì í dáni lóhùn àfi tí ẹ bá fún bíréèkì mọ́wọ́. Òmíràn ò ní dáhùn tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tó fi ń dúró bá ṣì wà nílẹ̀. Ẹ fún bíréèkì, kí ẹnì kan bá yín wo ẹ̀yìn: ṣé iná pupa tàn? Bí kò bá tàn, ẹ yẹ fíúùsì wò, kí ẹ yẹ súwíìṣì kékeré tó wà nídìí ọwọ́ bíréèkì wò.

Bí ẹ bá gbọ́ «kẹ́» ẹyọ kan, tí gbogbo rẹ̀ sì pa lọ́lọ́, riléè (súwíìṣì tó ń jẹ́ kí iná kọjá sí sítátà) ti gbọ́ àṣẹ, àmọ́ iná kò kọjá sí mọ́tò sítátà, tàbí kó jẹ́ pé mọ́tò náà ló ti há. Bí ó bá ń dún «kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́», bátìrì ti rẹ̀, tàbí kí ẹnu wáyà rẹ̀ ti dípẹtà. Bí ó bá wá ń yí «wùn-ùn, wùn-ùn» tí kò sì gbéra, ẹ kúrò nídìí sítátà, ẹ lọ bá púlọ́ọ̀gì àti epo.

Ṣé gbogbo ìyẹn náà ni «àìjí»? Ó tì o. Èyí tó dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, àìdáhùn ni. Èyí tó ń dún kẹ́, àìyí ni. Èyí tó ń yí lásán, tí kò sí iná lẹ́nu púlọ́ọ̀gì rẹ̀, àìta ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka síbi tí ọwọ́ yóò lọ. Kí n tó fọwọ́ kan ìwé gírámà ni mo ti ń fọwọ́ kan wáyà, bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò sì mọ̀wé. Bí wọ́n bá ti ọkọ̀ wọlé, ìbéèrè tí bàbá náà máa ń bi wá kò yí padà: «Ó dáhùn? Ó yí? Iná ta?» Ẹni tí kò bá lè dá wọn lóhùn kò ní tú ìdè kankan lọ́jọ́ náà. Àwa tí a jókòó sídìí ìwé la wá fẹ́ kó ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ọ̀rọ̀ kan.

Àwọn àgbà tó sọ nǹkan lórúkọ ń fi etí gbọ́ ni. Wọ́n gbọ́ bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń lù, wọ́n pè é ní alùpùpù. Wọ́n rí i pé rédíò ń sọ̀rọ̀ kò gbèsì, wọ́n ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Àwọn ará Ítálì pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀: nígbà tí ilé iṣẹ́ Piaggio gbé Vespa, fẹ́sípà wa yìí, jáde ní 1946, orúkọ agbọ́n ni wọ́n fún un ní èdè tiwọn. Agbọ́n o, èyí tó ń ta ni. Àbúrò tó kọ «agbọn» láìfàmì sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, a kò mọ̀ bóyá agbọ̀n tí a ń kó ẹrù sí ló ní lọ́kàn ni, àbí àgbọn tí a ń fọ́ jẹ.

Ẹlòmíràn fèsì pé kí á má da ara wa láàmú, pé «ẹ ṣáà tì í, yóò jí». Fẹ́sípà àtijọ́ tó ní jíà lọ́wọ́ ló ń rántí. Èyí tó ń fi bẹ́líìtì ṣiṣẹ́ lónìí, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ (ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ táyà) kì í di táyà mú àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré. Ẹ tì í títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, táyà nìkan ni yóò máa yí.

Àkójọ náà tún fi «òkú bátìrì» pe gbogbo bátìrì tí kò lágbára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sin ẹni tí kò tíì kú. Bátìrì fóòtì 12 (fóòtì ni a fi ń wọn agbára iná) tó kún, tó sì ti sinmi, máa ń ka 12.6 sí 12.8 lójú mítà. Bí ó bá ka 11.9, ó rẹ̀ ẹ́ ni, ẹ fún un níná, ó ṣeé ṣe kó dìde. Èyí tó kú ni èyí tí ẹ fún níná títí, tó ka 12.6, àmọ́ tó já wálẹ̀ sí 8 tàbí 7 bí ẹ bá ti tẹ sítátà. Èyí tó ṣì lágbára kì í sábà lọ sísàlẹ̀ 9.6. «Rẹ̀» àti «kú», a ní méjèèjì lédè, kí ló dé tí a fẹ́ sọ ọ̀kan nù?

Bátìrì sì lè kú kí iná ṣì máa ta. Fẹ́sípà tí CDI rẹ̀ (àpótí kékeré tó ń rán iná sí púlọ́ọ̀gì) ń gba iná tààrà lára sítétọ̀ (wáyà wíwé tó ń pèsè iná bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí) lè gbéra bí ẹ bá fẹsẹ̀ kíìkì í. Èyí tó ń gba tirẹ̀ lára bátìrì, tàbí tó ń fi kọ̀ǹpútà fọ́n epo, kì í sábà dáni lóhùn. Bí ó bá sì gbéra tán, ẹ tún fi mítà kan bátìrì, kí ẹ yí ọwọ́ iná (èyí tí a ń yí kí ọkọ̀ lè sáré) díẹ̀: ó yẹ kó gòkè dé 13.5 sí 14.5. Bí ó bá dúró sí 12 rẹ̀, tí ẹ wá sáré lọ ra bátìrì tuntun, ẹ fi ètè sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Sítétọ̀ tàbí régúlétọ̀ (èyí tó ń ṣọ́ iná tó ń lọ sí bátìrì) ló yẹ kí ẹ wò.

Ó kan «ìtanná». Àtùpà la ń tan. Iná tí a bá tan á dúró títí a ó fi pa á. Ti ẹnu púlọ́ọ̀gì kì í dúró: ó fo àlàfo tí kò ju 0.6 sí 0.7 mílímítà lọ nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó sì ti lọ kí ojú tó ṣẹ́. «Ta» ni Yorùbá ń pe irú rẹ̀. Ènìyàn ta gìrì, ó ta kìjí, epo gbígbóná ta síni lọ́wọ́, iná ta síni láṣọ. Ìtaná ni mo fara mọ́, láìsí «n» láàrin. Ẹ̀gbọ́n wa ní ohùn àárín ni àwọn fi sórí «tan», pé kò lè di ìtànná tó jẹ́ òdòdó. Lórí ìwé ni ìyẹn. Lórí fóònù, níbi tí ọ̀pọ̀ wa kì í ti í fàmì sọ́rọ̀, òdòdó ni ọmọ iṣẹ́ yóò kà.

Ẹnì kan ní kí á kúkú lo «gbaná», kí á ní «ẹ́ńjìnnì gbaná». Kí ó lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ni fẹ́sípà, kó wo bí yóò ṣe sá wá pẹ̀lú omi.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i fúnra yín, ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ dá fìlà rẹ̀ padà sí i lórí, ẹ gbé ara irin rẹ̀ ti ara ẹ́ńjìnnì, kó jìnnà sí ihò tó ti jáde, torí òórùn epo tó wà níbẹ̀ lè gbaná ní tòótọ́. Ẹ bọ́ síbi òjìji, kí ẹ kíìkì. Èyí tó dára á ta búlúù, ẹ ó gbọ́ «tá!» létí. Èyí tí kò lágbára á pọ́n rúsúrúsú, ẹ ó fẹ́rẹ̀ má rí i. Bí ẹnu púlọ́ọ̀gì bá rin fún epo tí kò sì ta, epo ti dé, iná ni kò dé. Bí ó bá gbẹ, tó sì ń ta dáadáa, ẹ lọ wá epo. Ìyá wa tó jẹ́ olùkọ́ èdè ní «ìpẹ́pẹ́ iná» ló dàgbà jù. Ìpẹ́pẹ́ ń já lára igi tó ń jó, mà. Kò sí igi lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. N kò tíì rí èsì wọn lórí ìyẹn.

«Okùn ilẹ̀» ló bí mi nínú jù, torí «earth» èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, aṣọ Yorùbá ni wọ́n wọ̀ fún un. Lórí rọ́bà ni fẹ́sípà dúró. Ilẹ̀ wo ni wáyà náà kàn? Iná jáde lẹ́nu bátìrì kan, ó ṣiṣẹ́ tán, ó gba ara irin ọkọ̀ padà sí ẹnu kejì. Bàbá mi nídìí iṣẹ́ ń pè é ní bọ́dì, wọn kò sì jìnnà sí òótọ́. Okùn ìpadà ni mo dábàá. Ẹ̀gbọ́n tó ní «okùn àbọ̀» súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n àbọ̀ tó jẹ́ ìdajì wà níbẹ̀, ohùn wọn kò yàtọ̀, ọmọ iṣẹ́ yóò sì bèèrè ìdajì okùn kejì. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá okùn náà dá ṣáṣá, ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan kan ẹnu òdì bátìrì (èyí tó ní àmì −), ẹ fi èkejì kan irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tẹ sítátà. Bí ó bá kọjá ìdajì fóòtì, iná kò rí ọ̀nà padà sílé; ẹ tú u, ẹ ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, ẹ dì í padà.

Àwọn kan ní «ilẹ̀» ti wọ ìwé ilé-ìwé, pé ó ti pẹ́ jù láti yí i padà. Ìwé ṣeé tún tẹ̀. Ìpadà tàbí àbọ̀, n óò gba èyí tí ẹ bá fẹnu kò sí. Ilẹ̀ ni n kò gbà.