Báwo ni mo ṣe lè tọ́jú bẹ́líìtì àti àpò ọta ológun Bàbá àgbà?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹrù ológun àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bàbá àgbà mi wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó jà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Bẹ́líìtì òwú líle àti àpò ọta ńlá méjì tó gbé bọ̀ ti wà lọ́wọ́ mi báyìí. Mo gbà pé irú ti 1937 ni, ìyẹn irú tí àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde lọ́dún 1937, torí àpò rẹ̀ fẹ̀ débi tó fi lè gba àpótí ọta ìbọn Bren, ìbọn arọ̀jò-ọta tí ọmọ ogun kan lè gbé. Irú ti 1908 tí wọ́n lò nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, àpò kéékèèké mẹ́wàá ló ní, tó ń gba ọta 150. Ti 1914 sì rèé, awọ ni.

Ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bo idẹ ara rẹ̀, ó sì ti ń ran aṣọ. Òǹtẹ̀ ọdún àti àmì ọfà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì hàn nínú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó pa rẹ́ rárá. Ẹnìkan ní kí n fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé yóò súnkì. Kí ni mo lè fi nu idẹ náà láìba òwú jẹ́? Ṣé kí n ká a ni, àbí kí n tẹ́ ẹ gbalaja?