Bátìrì ọkọ̀ oníyàrá: fíríìjì kan, òru méjì, kò sí iná etídò

Ará Reading

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará odò. Mo ra ọkọ̀ oníyàrá kan nígbà òtútù, ẹsẹ̀ bàtà 26, ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì kan, ó wà lórí odò Thames ní Reading, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Bátìrì méjì ló wà lábẹ́ pákó ibi tí a ń dúró wà á. Ẹni tó tà á fún mi ní ọ̀kan wà fún ẹ́ńjìnì, èkejì fún ilé, ìyẹn iná àti fíríìjì inú yàrá ọkọ̀. Àmọ́ gbogbo wáyà ló já sí ara sùwíìṣì pupa kan tí wọ́n kọ 1, 2, BOTH àti OFF sí, ìwé ara bátìrì méjèèjì sì ti ṣí dànù.

Tí ojú ọjọ́ bá ti gbóná, a fẹ́ gòkè odò lọ sí Goring, tàbí ká sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Henley, èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ, ká so ọkọ̀ mọ́ etí pápá, ká sun òru méjì níbi tí kò ti sí iná tí a lè já. Ìyàwó mi ti sọ pé láìsí fíríìjì, òun ò lọ, ọmọ kékeré wà lọ́wọ́. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ́ńjìnì má kíìkì. Báwo ni kí n ṣe tò ó? Ṣé bátìrì lithium ni kí n rà?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Lithium ni o! Òun ló wà lára inverter mi nílé. Wọ́n á mú iná lọ láàárọ̀, ó di ọ̀gànjọ́ kí wọ́n tó mú un dé, fíríìjì ò sì kú. Ẹ má fowó ṣòfò lórí èyí tó ń mu omi.

Rewáyà Ojú Omi

Ará Reading, ẹ kú oríire ọkọ̀. Wáyà inú ọkọ̀ ojú omi ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun lórí Thames yìí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá yín lóhùn.

Ẹ kọ́kọ́ fi ti lithium sílẹ̀ ná. Ohun tó máa jẹ́ kí ẹ sùn ni pé kí bátìrì tó ń tan ẹ́ńjìnì má mọ̀ rárá pé fíríìjì wà láyé. Àwo òjé inú bátìrì ẹ́ńjìnì tinrin, wọ́n sì pọ̀. Ó ń tú agbára ńlá jáde ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná lára ẹ́ńjìnì, á sì dá a padà. Ẹ fi tan iná yàrá lálaalẹ́, kò ní pẹ́ kú. Ti ilé, àwo rẹ̀ nípọn, ó lè fara dà á kí ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀ dé ìdajì. Ẹ má kọjá ìdajì yẹn.

Sùwíìṣì pupa yẹn, èmi máa ń yọ ọ́ ni. Ẹnì kan á fi sí BOTH nígbà tó ń wa ọkọ̀, á gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, fíríìjì á fa méjèèjì gbẹ mọ́jú. Ẹlòmíì á yí i sí OFF nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́, diode, ẹ̀yà kékeré tó ń darí iná inú alternator, á jó. Ẹ lo sùwíìṣì kan fún ẹ́ńjìnì, ọ̀kan fún ilé, kí ẹ sì fi VSR, sùwíìṣì tó ń wo volt tó sì ń yí ara rẹ̀, sáàárín bátìrì méjèèjì. Bí ẹ́ńjìnì bá ti gbé iná dé nǹkan bíi 13.3 volt, òun fúnra rẹ̀ á so wọ́n pọ̀. Bó bá já wálẹ̀ sí 12.8, á tú wọn ká. Ẹnikẹ́ni ò ní láti rántí ohunkóhun.

Ẹ wá ṣírò. Fíríìjì 12 volt tó ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń fa nǹkan bí amp 4 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Tí oòrùn bá mú, tó fi ń ṣiṣẹ́ ìdajì ọjọ́, ó ti tó 48 amp-hour (iye amp tí a fi wákàtí sọ di púpọ̀) lójúmọ́ nìyẹn. Gílóòbù LED, pọ́ńpù omi àti fóònù lè gbé e dé 60. Ọjọ́ méjì, 120. Torí a ò ní kọjá ìdajì, ẹ nílò nǹkan bíi 240. Bátìrì ilé méjì tó jẹ́ 110 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, wákàtí tí ẹ bá fi wa ọkọ̀ láàárín ọjọ́ á sì dí èyí tó kù. Kí méjèèjì jẹ́ irú kan náà, kí ẹ rà wọ́n lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fa wáyà pọ́sítíìfù láti ara àkọ́kọ́, nẹ́gátíìfù láti ara èkejì, kí iṣẹ́ lè pín dọ́gba.

Fíúsì gbọ́dọ̀ sún mọ́ orí bátìrì. Pọ́ńpù tó ń fa omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ní tirẹ̀, ẹ so ó mọ́ bátìrì ní tààràtà pẹ̀lú fíúsì tirẹ̀, kó má kọjá lára sùwíìṣì, torí ìgbà tí ẹ ti pa gbogbo nǹkan tí ẹ ti lọ sílé gan-an lẹ máa nílò rẹ̀. Ẹ de bátìrì mọ́lẹ̀ gírígírí, ẹ bo orí rẹ̀. Wọ́n máa wo ìyẹn tí ẹ bá fẹ́ gba ìwé Boat Safety Scheme, ìwé àyẹ̀wò ààbò ọkọ̀. Ẹ má sì dí àpótí rẹ̀ pa, torí bátìrì olómi ń tú hydrogen jáde bó bá ń gba iná.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, òótọ́ lẹ sọ nípa inverter, àmọ́ inverter ilé ò ní alternator. Lithium máa ń gba iná tó bẹ́ẹ̀ tí alternator kékeré á gbóná jó, àfi kí ẹ ra ṣáájà DC-DC, èyí tó ń dín iná tí bátìrì ń fà lára alternator kù, sáàárín. Èèyàn ò sì gbọ́dọ̀ fún un níná nígbà tí òtútù bá wà nísàlẹ̀ 0°C. Ẹ̀pẹ́ ò ní ìṣòro yẹn, Reading ní in.

Àwẹ̀ró Inú Ọkọ̀

Inú ọkọ̀ ni mò ń gbé lórí odò Lea, tòtútù-tooru. Ẹ̀gbọ́n Rewáyà, ẹ ṣé gan-an. Èmi fẹ́ fi ti ìtọ́jú kún un.

Ẹ ra míta, kí ẹ sì mọ ìgbà tí ẹ máa wò ó. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ẹ́ńjìnì, irọ́ ni míta ń pa fún yín. Ẹ jẹ́ kí bátìrì sinmi fún wákàtí bíi mélòó kan, kí nǹkan kan má fà á. 12.7 volt, ó kún. 12.2, ó ti dé ìdajì. 12.0, ẹ ti wọ gbèsè. Bátìrì òjé tí ẹ bá fi sílẹ̀ láìkún, sulphate, ìdọ̀tí bí iyọ̀, á le mọ́ àwo rẹ̀ lára, kò sì ní gbà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun tó ń pa bátìrì àwọn tó ń wa ọkọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan nìyẹn, kì í ṣe ìlò.

Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń ṣí orí rẹ̀, omi bátìrì ni kí ẹ bù sí i, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, lẹ́yìn tó bá ti gba iná kún tán. Tí òtútù bá dé, ẹ fún un níná kó kún kí ẹ tó fi ọkọ̀ sílẹ̀: èyí tí iná rẹ̀ kún kì í dì nínú yìnyín ilẹ̀ yìí, èyí tí iná rẹ̀ ti tán lè dì, kí ìhà rẹ̀ bẹ́.

Ará Reading

Olúwa á bù kún yín. Ìbéèrè kan ló kù: níbi tí mo ń so ọkọ̀ mọ́, iná wà létídò. Ṣé mo lè fi ṣáájà síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀?

Rewáyà Ojú Omi

Ẹ lè fi sílẹ̀, tó bá jẹ́ ṣáájà tó mọ ìgbà tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ láti 14.4 volt sí nǹkan bíi 13.5. Àmọ́ wáyà earth inú okùn iná yẹn ti so irin ọkọ̀ yín pọ̀ mọ́ irin ọkọ̀ gbogbo aládùúgbò, omi á sì máa jẹ irin yín nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má gé wáyà earth láéláé, ẹ̀mí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Galvanic isolator, ohun tó ń dí iná kékeré tó ń jẹ irin láìgé earth, ni kí ẹ fi sí i. Kí ẹ sì yẹ anode, irin tí a fi sábẹ́ ọkọ̀ kí omi lè jẹ òun dípò irin ọkọ̀, wò nígbà tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ sókè: magnesium ló bá omi odò Thames mu, zinc ti omi òkun ni.

Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn sùwíìṣì pupa yẹn fún mi kí ẹ tó tú wáyà kankan.